Ta Ló Kọ Pálapàla Yìí?

Ẹjọ́ kan dé ààfin Baálẹ̀ wa ní Addo lánàá, kò sí ilẹ̀ nínú rẹ̀, kò sí ìyàwó nínú rẹ̀. Èmi gan-an fi oúnjẹ sílẹ̀ lọ gbọ́ ọ.

Àǹtí Rùkáyàt ló pe Kàmọ́rù lẹ́jọ́. Ilé-iṣẹ́ Àǹtí ló ń fi kóòdù ránṣẹ́ sórí fóònù kí géètì ẹ́sítéètì tó ṣí. Kàmọ́rù ló ń kọ iṣẹ́ náà fún kọ̀ǹpútà.

"Bàbá, ẹ gbà mí! Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo ayé ń bọ̀ láti Oniru, sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń dá wọn lóhùn, á dákú, ọkọ̀ á tò dé ẹsipirẹ́ẹ̀sì. Àwọn ará ẹ́sítéètì ní tí kò bá yá kó tó di Mọ́ńdè, àwọn á lé mi. Èèyàn mẹ́jọ ló ń jẹun lọ́dọ̀ mi!"

"Kàmọ́rù, kí lo rí sọ?"

"Bàbá, èdè kọ̀ǹpútà tí mo máa fi kọ ọ́ ni mò ń yàn. Páítọ̀n ni mo kọ́kọ́ lò, ó ń wọ́. Mo mú Jáfà, Jáfà ń jẹ mẹ́mórì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu. Mo bá Góò dé ìdajì, wọ́n ní Rọ́ọ̀sì tún yá jù ú lọ."

"Èwo ló ń ṣiṣẹ́ nínú wọn?"

"Páítọ̀n tó ń wọ́ yẹn nìkan, Bàbá."

Wọ́n pe Lateef tó ń ṣọ́ géètì.

"Irọ́ ni, kò wọ́. Kẹ́ ẹ tó ka ení dé ẹ̀ta, géètì á ti ṣí."

"Lójoojúmọ́?"

"Rárá o, ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ. Mo kàn máa ń wojú wọn, tí mo bá ti mọ̀ wọ́n, mo ṣí i."

Àwọn olóyè bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

Ni Ṣèyílọ́lá, akọ̀wé Àǹtí, bá gbé iṣẹ́ kan síwájú Kàmọ́rù lórí kọ̀ǹpútà. Kàmọ́rù fò sókè.

"Ta ló kọ pálapàla yìí? Orúkọ onílé kan ṣoṣo, ó ń wá a nígbà ọgọ́rùn-ún! Ibí gan-an ni ọkọ̀ ti ń tò! Iṣẹ́ wákàtí méjì péré ni kéèyàn tún un ṣe!"

"Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́rù, ẹ̀yin ni. Páítọ̀n yín àkọ́kọ́ ni."

Baálẹ̀, tó ti ṣe bíríkìlà rí, mi orí.

"Kò sí bíríkìlà tó dé ìdí iṣẹ́ ẹlòmíì tí kì í béèrè ẹni tó bà á jẹ́. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ rí tó bú ara ẹ̀. Ó yá, gbé kọ̀ǹpútà ẹ lọ sí géètì. Ìwọ ni sáfà báyìí. Ọkọ̀ tó bá dé, sáré lọ bi onílé, kó o sáré padà wá dá a lóhùn, títí iṣẹ́ ẹ á fi yá."

"Bàbá, èdè wo wá ni kí n fi tún un ṣe?"

"Ẹsẹ̀ ẹ á sọ fún ẹ."

Ilé kẹrin ló sáré dé tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tún Páítọ̀n ẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe. Kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gáríbì, géètì ti ń ṣí fúnra rẹ̀.