Ilé Oúnjẹ Tí A Sọ Di Ilé Ọ̀fọ̀

Bí mo bá gbàgbé orúkọ ara mi, mi ò lè gbàgbé ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí èmi àti ọkọ mi jáde lọ jẹun ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀. Ọmọ mẹ́ta la bí, wọn ò sì jẹ́ ká rójú ara wa mọ́. Bí mo bá la ẹnu bá Bàbá Tómi sọ̀rọ̀, ọ̀kan á ní òun fẹ́ tọ̀, òmíràn á ti da tíì sílẹ̀. A ò jọ tọkọtaya mọ́, àfi bí alágbàtọ́ méjì tó ń gbélé kan náà. Ìgbà tí tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan wá ń ṣe fáàrí pé ọkọ òun máa ń gbé òun lọ síbì kan tí wọ́n ti ń tan àbẹ́là sórí tábìlì, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo délé, mo yọ ọkọ mi lẹ́nu títí ó fi gbà.

Ìyá ọkọ mi tó ń gbé ní Adátán ni yóò bá wa mójú tó àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n Màmá ò gbọdọ̀ gbọ́ ibi tá à ń lọ. Lójú tiwọn, obìnrin tó ní ìkòkò nílé tó tún ń jẹun níta, ọ̀lẹ pọ́ńbélé ni. Ọkọ mi ní kí n fi sílẹ̀ fóun. Ọkùnrin tí kì í lè purọ́ kó má làágùn! Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé bàbá Kúnlé ọ̀rẹ́ òun ló kú ní Wásinmi, pé a fẹ́ lọ kí i. Màmá káàánú gidi, wọ́n gbàdúrà gígùn fún ẹbí òkú, èmi náà ń ṣe àmín bí ẹni rere.

Aṣọ wa ni irọ́ yìí kọ́kọ́ bà jẹ́. Ta ló ń wọ gáùn pupa lọ kí ọlọ́fọ̀? Ìró dúdú ni mo ró jáde nílé, mo ki gáùn sínú báàgì, mo lọ pààrọ̀ nínú mọ́tò. Kí n tó bímọ ni mo ti rà á. Síìpù gòkè dé ìdajì, ó ní òun ò lọ mọ́. Báyìí ni mo ṣe fi ìró ọ̀fọ̀ bo ẹ̀yìn mi, mo wọ ilé fáàrí bí opó.

Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn birimù. Mo rò pé wọ́n mú iná lọ ni. Ọkọ mi ní rárá, ìfẹ́ ni. Àṣé ohun tí ìfẹ́ jẹ́ nìyẹn, kéèyàn máa fi ọwọ́ wá àga kó tó jókòó! Ọkùnrin kan tó de táì wá bá wa, ó ń gba imú sọ gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Ó pẹ́ kí oúnjẹ tó dé. Àwo yẹn tóbi bí ìdérí agbada, ìrẹsì inú rẹ̀ kò tó èyí tí èèyàn ń dà fún òròmọdìẹ. Ọbẹ̀ ńkọ́? Wọ́n fi ọbẹ̀ kọlà fún àwo ni, ìlà méjì péré, gbẹrẹfu. Ọkọ mi na ọrùn síwájú kó lè rí ẹran tirẹ̀ dáadáa, ni etí fìlà abetí-ajá rẹ̀ bá kan àbẹ́là, ó sì gbiná. Kí n tó pariwo, onítáì ti da omi lé e lórí. Omi náà gba orí rẹ̀ wọ inú àwo. Ó kéré tán, oúnjẹ wá pọ̀ díẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí fóònù ọkọ mi dún. Màmá ni.

“Ṣé ẹ ti dé ọ̀hún? Ẹ fún Kúnlé ní fóònù, kí n kí i.”

Òógùn àti omi tí wọ́n dà sí i lórí jọ ń ṣàn lójú ọkọ mi. Ó fi ọwọ́ kan bo fóònù, ó fi èkejì di onítáì mú lápá, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni Kúnlé, bàbá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni,” ó sì na fóònù sí i.

Háà, ọkùnrin yẹn mọ̀ ọ́n ṣe! Gẹ̀ẹ́sì imú fò lọ, ó lọgun ní Yorùbá tó dán mọ́rán: “Yéè, Màmá! Bàbá ti lọ o! Wọ́n fi mí sílẹ̀ o!” Màmá náà bú sẹ́kún níbẹ̀. Àfi bí àwọn ará tábìlì kejì ṣe gbé kéèkì jáde, tí gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, tí wọ́n gbé orin ọjọ́ ìbí. Ọ̀gá ilé oúnjẹ tún wá ń pariwo mọ́ ọlọ́fọ̀ wa pé kó yáa wá gbé ọtí.

Ẹkún Màmá dá wáí. Wọ́n ní, “Ẹ bá mi kí òkú náà. Ẹ ní ó kú oríire ọjọ́ ìbí.” Wọ́n pa fóònù.

Nígbà tá a dé Adátán, Màmá ò pariwo. Wọ́n wo fìlà tó jóná, wọ́n wo ẹ̀yìn mi tó ṣí sílẹ̀, wọ́n gbé láfún àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ síwájú wa. “Ẹ jẹun. Mo rí i lójú yín pé wọn ò se nǹkan kan nílé òkú.” Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ebi kò mọ ìtìjú. A jẹ ẹ́ tán.

“Ìyàwó mi,” ni wọ́n wá pè mí, “ẹ ò lè sọ pé ẹ̀yin méjì fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́? Àbí níbi ìpàdé ìjọ ni mo ti lóyún ọkọ rẹ?”

Gbogbo ọdún tí mo fi ń bẹ̀rù obìnrin yìí, mi ò bi wọ́n léèrè rí bóyá inú yóò bí wọn lóòótọ́ bí èmi àti ọkọ mi bá jáde.

Láti ìgbà náà, òótọ́ là ń sọ. Mo ti rí i pé ẹnu tó lè bẹ̀bẹ̀ kò nílò láti pa bàbá oníbàbá. Lẹ́bàá Láfẹ́nwá la máa ń lọ báyìí, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń din ẹja tútù lábẹ́ gílóòbù ńlá, níbi tí èèyàn ti ń rí egungun kó tó gbé e mì. Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ lọ, a jókòó, a wo ara wa títí, a ò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ, àfi ti àwọn ọmọ tá a sá fún. Ẹ̀rín pa mí. Ọkọ mi ní kí n rọra, kí egungun má baà há mi lọ́fun. Mo rín in náà ni.