Ọjọ́ Tí Ààrò Mẹ́ta Da Ọbẹ̀ Nù

Ẹ fa àpótí mọ́ra, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n rò fún yín. Ọjọ́ kan wà tí ò ní tán lọ́kàn mi. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, nínú àgbàlá ilé tí mo háyà ní Agége, lẹ́yìn iléeṣẹ́ tó ń ṣe ike. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ọmọ Èkìtì tó gbà pé kò sóhun tí òun ò lè là yé èèyàn.

Ìta gbangba la ti ń ṣe ìpàdé àdúrà wa lọ́jọ́ Àìkú, òjò sì ti pa Bíbélì mi títí ó fi wú bí àkàrà. Mo bá lọ tọrọ àgbàlá lọ́wọ́ Alhaja onílé wa. Wọ́n ń se ọbẹ̀ sàárà tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí mọ́ṣáláṣí, ìkòkò ńlá lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́ta.

"Tíṣà, mi ò kọ̀," Alhaja ní. "Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ la Mẹ́talọ́kan yín yìí yé mi. Nílé tèmi, bí ẹni mẹ́ta bá wọ yàrá kan, mẹ́ta ni mo máa ń kà."

Ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ? Mo ní, "Ẹ wò mí. Bàbá ni mí fáwọn ọmọ mi, ọkọ fún ìyàwó mi, tíṣà fún ẹ̀yin. Ṣé ẹni mẹ́ta ni mí?"

"Lánàá tí ìyàwó yín ò fún ọkọ rẹ̀ lóúnjẹ, ṣé tíṣà rí jẹ?"

Àwọn tó ń gé àlùbọ́sà bú sẹ́rìn-ín. Mo tún ní, "Omi ńkọ́? Ó lè dì, ó lè ṣàn, ó lè di ooru. Omi náà ni."

"Tó bá ti dì, kì í ṣàn mọ́. Nígbà tí Ọmọ wà láyé, ta ló wá ń ṣọ́ ọ̀run?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti wọlé lọ sùn. Àṣé ojú mi ti bọ́ sára búlọ́ọ̀kù. Háà! Àwọn baba wa ti bá mi ṣe é: ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù! "Alhaja, ẹ wobẹ̀ yẹn. Búlọ́ọ̀kù mẹ́ta, ààrò kan!"

Alhaja mirí. "Èyí fẹ́ jọ ọ̀rọ̀. Èwo wá ni Baba nínú wọn?"

Orí mi wú. Búlọ́ọ̀kù gbóná, mo bá ń fi bàtà tọ́ka. "Baba nìyí." Mo kàn án. "Ọmọ nìyí." Mo kàn án. "Ẹ̀mí Mímọ́..."

Ẹ̀mí Mímọ́ bá yẹ̀.

Ìkòkò fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dojú dé. Ọlọ́run ṣe é, kò ta sí ẹnikẹ́ni lára. Ata ṣàn dé ẹnu géètì, ẹran ń yí gbirigbiri, àwọn adìẹ ilé kejì ò sì béèrè ẹ̀sìn ẹnì kankan.

"Tíṣà!" Alhaja káwọ́ lérí. "Ẹ da sàárà nù, ẹ tún da Mẹ́talọ́kan nù!"

Ìyàwó mi ló sáré kó àwọn obìnrin ìpàdé wa jọ. Wọ́n ra ẹran, wọ́n lọ ata. Èmi fúnra mi fẹ́ná títí ojú mi fi pọ́n. Kí wọ́n tó pe ìrun, ọbẹ̀ mìíràn ti jinná. Alhaja tọ́ ọ wò.

"Ó ti wá yé mi wàyí," wọ́n ní. "Ẹni bá fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ á da ọbẹ̀ nù. Ẹ máa lo àgbàlá. Ṣùgbọ́n Tíṣà, ẹ má fẹsẹ̀ ṣàlàyé Ọlọ́run mọ́."

Bó ṣe parí nìyẹn. Adìẹ jogún ẹran, Alhaja jogún ìkòkò tó tẹ̀, ìpàdé wa jogún àgbàlá. Èmi jogún orúkọ. Títí dòní, bí mo bá ń kọjá nídìí iná, ẹ ó gbọ́, "Bàbá Aláàrò, ẹ rọra o!" Èmi náà á rẹ́rìn-ín, kí n gba ọ̀nà ibòmíì. Mo ti kọ́gbọ́n: irọ́ kọ́ làwọn baba wa pa. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Tíṣà ló ń dà á.