Òkìtì Alàgbà Simeon

Ẹ jẹ́ kó di mímọ̀ fún tọmọdé tàgbà, ní Makun-Omi àti ní gbogbo etí omi tó yí i ká, pé Alàgbà Simeon Olúsànyà kì í gbé fóònù sí etí òsì.

Etí ọ̀tún ló wà fún fóònù. Etí òsì wà fún ìyàwó, fún ewúrẹ́, àti fún ẹni tó bá wá bẹ̀bẹ̀. Bí fóònù bá dún nígbà tó ń jẹun lórí òkìtì iwájú ilé rẹ̀, yóò fọ ọwọ́, yóò nu ún gbẹ, yóò tún fìlà ṣe, yóò wúkọ́ díẹ̀, kó tó fẹ̀sọ̀ gbé e sí etí ọ̀tún. Nígbà yẹn, ó ti sú ẹni tó ń pè, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Ìyẹn ò kan Alàgbà. Yóò ṣì bá a sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá Àgbà! Ṣé òtútù Dubai ò pọ̀ jù?"

Ìbíkẹ́ ẹlẹ́ja, tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Alàgbà, ti gbọ́ nípa òtútù Dubai yìí títí ó fi ń ronú àtifi súwẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn.

Ohun tó sọ Alàgbà di èèyàn ńlá kò ju òkìtì iyanrìn kan lọ. Àwọn kan ló wá láti ṣe ọ̀nà fún ìlú. Wọ́n da iyanrìn síwájú ilé Simeon, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì lọ. Ọ̀nà ò dé, àwọn náà ò padà. Koríko hù lórí iyanrìn. Lọ́jọ́ kan, Simeon gun orí rẹ̀ láti lé ewúrẹ́, ni fóònù rẹ̀ bá dún. Nígbà yẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí nílùú. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ ní láti gun ọ̀kadà lọ sọ́nà jíjìn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, Simeon ti ta okùn yí òkìtì ká, ó ti gbé tábìlì sẹ́nu ọ̀nà, ó sì ti sọ ara rẹ̀ ní Olówó Orí Òkìtì, Alága Afẹ́fẹ́, Ẹlẹ́tí Ọ̀tún Àgbáyé.

Ó ṣòfin. Ẹni tó bá fẹ́ gòkè á sanwó. Ẹni tó bá sanwó tán á bọ́ bàtà. Bó bá sì ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, kó pa fóònù rẹ̀ pátápátá, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì orí òkìtì kò gbọdọ̀ bá fóònù dé ìsàlẹ̀. Bó bá dé ìsàlẹ̀, á bà jẹ́ sínú fóònù, fóònù á sì máa rùn.

Wọ́n bá a jà lórí owó. Lórí bàtà, ẹnikẹ́ni ò jà. Ní Makun-Omi, Aládùúrà ń bọ́ bàtà kó tó wọ ilé ìjọsìn, Mùsùlùmí ń bọ́ bàtà kó tó wọ mọ́ṣáláṣí. Bí wọ́n bá ti ní kí wọ́n bọ́ bàtà níbì kan, wọ́n á bọ́ ọ, wọn ò ní béèrè ẹni tó ni ibẹ̀. Ìbíkẹ́ fúnra rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò lè fi kóńgò ṣe mọ̀kàrúrù fún lọ́jà, máa ń bọ́ sálúbàtà rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á sì rọra sọ bísímílà kó tó gbé ẹsẹ̀ lé iyanrìn.

Pípa fóònù náà bá wọn lára mu. Iná ìjọba ò sí, ẹ̀ńjìnnì Alàgbà ni wọ́n ti ń gba iná sí fóònù, owó sì ni. Fóònù pípa kì í jẹ iná. Bẹ́ẹ̀ ni odindi ìlú ṣe ń gbé fóònù kiri bí ẹni gbé òkúta sápò, tí wọn kì í tàn án àfi lórí òkìtì.

Ìbíkẹ́ ló máa ń bá a fa ọ̀rọ̀ owó jù lọ. Bó bá ra iyọ̀ àti igi ìdáná tán, ohun tó ń ṣẹ́ kù lórí ẹja ò pọ̀.

"Alàgbà, ṣé iyọ̀ ni kí n rà ni, àbí ìpè?"

"Ìpè ni, Ìyá Àdíját! Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹni tí ò jẹun lónìí, ṣebí á jẹ lọ́la. Ìpè òní, ṣé á dúró dọ̀la? Fóònù ló ṣe dandan. Oúnjẹ, àṣà lásán ni."

"Àṣà lásán kẹ̀?"

"Àṣà lásán. A kàn bá a lọ́wọ́ àwọn bàbá wa ni."

Ìbíkẹ́ wo ikùn Alàgbà, tó ti ń tọ́jú àṣà yìí láìsinmi láti ọjọ́ pípẹ́. Ó tú owó létí ìró, ó san án.

Ọ̀rọ̀ wá di ti Ọjọ́bọ̀ kan. Àdíját, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìbíkẹ́ bí, ti ráyè wọ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Ìwé kan péré ló kù: ìwé ìjọba ìbílẹ̀ tó fi hàn pé ọmọ Ogun Waterside ni. Kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i kí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà tó lù. Bí kò bá rí i, àyè rẹ̀ di ti ẹlòmíràn. Bàdírù ọlọ́kadà ló lọ gba ìwé náà wá láti Àbígí. Aago kan ti fẹ́ẹ̀ lù nígbà tó fi lé Ìbíkẹ́ lọ́wọ́. Ìbíkẹ́ mú fóònù ojú fífọ́ tí ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, èyí tí ọmọ náà ti fi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù. Ó sáré dé ìdí òkìtì.

Wọ́n ti òkìtì pa.

Èrò ti pé síbẹ̀. Alàgbà ti yá ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ. Wọ́n gbé àga aláwọ pupa kan sí ṣóńṣó òkìtì, wọ́n ta agbòòrùn lé e lórí. Alàgbà fúnra rẹ̀ wọ agbádá àti bàtà onímú ṣóńṣó. Òun nìkan ni kì í bọ́ bàtà lórí òkìtì. Ó ní onílé kì í kan ìlẹ̀kùn ara rẹ̀.

"Alàgbà, ẹ ṣàánú mi, fọ́tò kan péré ni. Wọ́n máa ti ìlẹ̀kùn mọ́ Àdíját láago méjì!"

"Òkìtì ò ṣí títí di aago mẹ́rin, Ìyá Àdíját. Àga Ọlọ́lá là ń ṣí lónìí. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹnikẹ́ni ò tíì fẹnu kàn ni yóò máa lò."

"Aago mẹ́rin! Ọmọ mi ńkọ́?"

"Kí àwọn ará Àgọ́-Ìwòyè ní sùúrù. Ṣé ilé-ìwé ń sá lọ ni?"

Lójijì, imú Alàgbà mì. Agbọ̀n ẹja yíyan tí Bàdírù fẹ́ bá Ìbíkẹ́ gbé lọ sọ́jà wà lẹ́yìn ọ̀kadà níbẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ń lọ káàkiri láìsanwó.

"Àfi bí ẹ bá fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ lórí Àga Ọlọ́lá."

"Èló ni?"

"Agbọ̀n yẹn."

"Gbogbo ẹja inú rẹ̀?"

"Àti agbọ̀n náà."

"Ẹ gbọ́ ná, Alàgbà," Bàdírù dá sí i. "Ẹ̀yin lẹ ní àṣà lásán ni oúnjẹ. Kí lẹ fẹ́ fi ẹja ṣe?"

"Ta ní pè é ní ẹja? Owó ìgòkè ni."

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ló wà nínú agbọ̀n náà: èéfín ọ̀sẹ̀ méjì, ojú pípọ́n ọ̀sẹ̀ méjì. Ìbíkẹ́ wo ìwé, ó wo ẹja. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀ fún Alàgbà, ó bọ́ sálúbàtà kan.

"Ẹ dúró ná," ni Alàgbà wí. "Ó ku ọ̀rọ̀ àkọ́sọ."

Ó mú gbohùngbohùn. Ó kí Ọlọ́run, ó kí ara rẹ̀. Ó ròyìn ọjọ́ tó lé ewúrẹ́, ó sì yin ewúrẹ́ náà. Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó ṣàlàyé bí etí ọ̀tún ṣe sàn ju òsì. Aago kan ààbọ̀. Ìbíkẹ́ dúró lórí sálúbàtà kan bí lékèélékèé.

"Àwọn ọ̀tá ń sọ kiri," ni Alàgbà ń pariwo, "pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè wà níbòmíràn nílùú yìí! Mo gbà fún yín o. Bí fóònù kan péré bá dún lẹ́yìn okùn yìí, ẹ ní kí n bọ́ bàtà mi, kí n gbé agbọ̀n ẹja yìí rù, kí n fẹsẹ̀ rìn dé ọjà!"

Àkùkọ kan kọ lẹ́yìnkùlé Alàgbà.

Ó kọ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wọn, nítorí bákan náà gẹ́lẹ́ ló ń kọ.

"Adìẹ ni!" ni Alàgbà wí. Òógùn bò ó. "Ẹ má dá a lóhùn! Adìẹ lásán ni!"

Adìẹ náà bá dáhùn. "Hẹ́lóò! Ta nìyẹn?"

Ohùn Ọmọ́títí ni, ìyàwó Alàgbà. Etí rẹ̀ ò gbọ́ràn dáadáa, nítorí náà kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù àfi kó ṣí ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo àdúgbò bá a gbọ́. Tẹ́lẹ̀, inú ìró ló máa ń há fóònù sí, tí á máa gbọ̀n jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bà ló ń rò lọ́jọ́ yẹn fún àwọn àlejò ọkọ rẹ̀, ó sì gbé fóònù sójú fèrèsé pẹ̀lú gbogbo agbára àkùkọ inú rẹ̀.

"Màmá, Àdíját ni! Fóònù màmá mi ò lọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè wọ́n!"

"Ìyá ẹ wà níta, wọ́n ń wo bàbá. Fóònù rẹ̀ á ti pa. Bàbá ló ní kí wọ́n máa pa á."

"Ṣé orí òkìtì lẹ wà, Màmá?"

"Òkìtì wo? Ìdí ààrò ni mo wà! Àtìgbà tí wọ́n ti gbé òpó tuntun yẹn dúró lódìkejì omi, ṣebí orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń pè. Ó pé oṣù mẹ́ta. Bàbá ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni." Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ìyẹn ni pé ilé kẹrin nìkan ló ń gbọ́ ọ. "Èmi náà ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni o."

Gbogbo ojú yí padà sí Alàgbà.

Ìbíkẹ́ ni ó kọ́kọ́ mira. Ó wọ sálúbàtà rẹ̀ padà. Ó bọ́ sínú gọ́tà, níbi tó rẹlẹ̀ jù lọ ládùúgbò, ó sì tan fóònù ojú fífọ́. Ó wúre sí i lábẹ́lẹ̀. Fóònù náà tàn, ó gbọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí dún bí ẹni tó ti di ọ̀rọ̀ sínú fún oṣù mẹ́ta. Ó ya fọ́tò ìwé. Ó fi ránṣẹ́. Àmì kan yọ, àmì kejì yọ.

"Mo ti rí i, Màmá mi! Ó ti wọlé!" ni Àdíját ń pariwo láti ojú fèrèsé Ọmọ́títí. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.

Ìgbà náà ni gbogbo ìlú tan fóònù. Ariwo sọ, bí agogo ìjọ méje tó ń jà.

"Ẹ gbọ́ o!" ni Alàgbà ń kígbe lórí òkìtì. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi ló ń ṣàn wálẹ̀ bá yín! Ẹ máa san owó ìṣàn!"

"Alàgbà," ni Bàdírù wí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó pọ̀, "bàtà."

Wọ́n tẹ̀ lé e dé ọjà. Ẹlẹ́tí Ọ̀tún Àgbáyé ń rìn níwájú láìwọ bàtà, agbọ̀n lórí, epo ẹja ń kán sí i létí méjèèjì láìṣe ojúsàájú. Ìbíkẹ́ jókòó lẹ́yìn ọ̀kadà Bàdírù, ó rọra ń tẹ̀ lé e, ó ń sọ fún Àdíját lórí fóònù ibi tí wọ́n dé.

Alàgbà kì í ṣe ẹni tí ìtìjú ń pa lébi. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àpò gàrí mẹ́rin gun orí òkìtì. Agbòòrùn ṣì wà lórí wọn. "Ẹ fetí sílẹ̀!" ló ń wí fún ẹni tó bá ń kọjá. "Kí ni fóònù? Àṣejù lásán ni! Àwọn bàbá wa ò ní in, ṣebí wọ́n gbó, wọ́n tọ́. Oúnjẹ ló ṣe dandan!"

Okùn ṣì wà níbẹ̀. Tábìlì ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Pátákó "Ẹ BỌ́ BÀTÀ" náà ṣì dúró, Alàgbà sì ti fi ẹfun tún un kùn.

Ìbíkẹ́ wá ra kóńgò gàrí kan lánàá. Ó dé ẹnu okùn, ó dúró, fóònù rẹ̀ wà létí òsì. Gàrí náà dára, kò gbówó lórí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ bá wa dá sí i: ṣé kó bọ́ sálúbàtà ni, àbí kó má bọ́ ọ?