Ojú Akíntóyè Níwájú Bọ́ọ̀sì

Bí ẹ bá rí ọkùnrin tó ń fi dígí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ tún fìlà rẹ̀ dé ní Arakale nílùú Àkúrẹ́, Akíntóyè nìyẹn. Ojú ara rẹ̀ ló fẹ́ràn jù láyé! Fọ́tò rẹ̀ gba gbogbo ògiri ilé débi pé Motúnráyọ̀ ìyàwó rẹ̀ kò ríbi gbé kàlẹ́ńdà kọ́.

Ọkùnrin yìí ra ògbólógbòó bọ́ọ̀sì tó ń lo dísẹ̀lì, ó tú àga inú rẹ̀ dànù, ó sọ ọ́ di ilé: bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, ilé ìwẹ̀. Ìjọ ilé ìyá rẹ̀ ní Oǹdó fẹ́ yan Bàbá Ìjọ tuntun lọ́jọ́ ìkórè. Òun ni wọ́n fojú sí, àmọ́ bí kò bá dé kí wọ́n tó gba ọrẹ, ẹlòmíì ni wọn yóò fi jẹ. Ó wá tẹ fọ́tò ara rẹ̀, láti fìlà dé ẹsẹ̀, sórí tapólì, aṣọ oníke gbàǹgbà, ó fi bo iwájú bọ́ọ̀sì nísàlẹ̀ dígí, ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ẹ WO OJÚ BÀBÁ ÌJỌ.

Ọjọ́ náà ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

"Ẹ yọ fọ́tò yìí, Bàbá Tóbi," Motúnráyọ̀ wí. "Ojú yín ló dí ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé."

"Ojú mi? Ojú tí gbogbo ayé ń wá rí? Àwọn ọ̀tá ló ń se mọ́tò mi!"

Ó gbé bọ́ọ̀sì lọ fún mẹkáníìkì. Ẹ gbọ́ o! Kí gíríìsì má baà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, á kọ́kọ́ tú fọ́tò náà, á ká a bí ẹní, á gbé e pamọ́. Mẹkáníìkì á wa ọkọ̀ dé ìlú Ipogun, á wà á padà, ẹ́ńjìnnì á tutù minimini. Wọ́n pààrọ̀ rédíétọ̀, wọ́n pààrọ̀ fáànù. Bí Akíntóyè bá délé, á tún gbé ojú rẹ̀ kọ́ ọ, ọkọ̀ á tún hó. Níkẹyìn, ó fi ìṣó irin kàn án mọ́ ọn gbọin-gbọin kí ọ̀tá má baà yọ òun. Motúnráyọ̀ fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ ìkórè pé. Wọn ò tíì kọjá Òwénà tí ooru ẹ́ńjìnnì fi bo gbogbo ojú ọ̀nà. Akíntóyè làágùn títí agbádá rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ ọn lára. Wọ́n da omi sínú rédíétọ̀, ó tún hó. Àkókò ọrẹ ń sún mọ́lé. Ni Motúnráyọ̀ bá mú ọ̀bẹ ìdáná jáde.

"Gé ibi ẹsẹ̀ mi."

"Ẹsẹ̀ yín kọ́ ló dí i."

"Gé etí kan, jọ̀ọ́!"

"Bàbá Tóbi, ṣé fọ́tò lẹ fẹ́ ni àbí oyè?"

Akíntóyè di ojú rẹ̀. Motúnráyọ̀ fi ọ̀bẹ gé ojú inú fọ́tò náà kúrò, láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Nígbà tí wọ́n tún gbéra, bọ́ọ̀sì ń sáré bíi tuntun.

Gbogbo ìjọ ló jáde wá pàdé wọn ní Oǹdó. Fìlà wà nínú fọ́tò, agbádá wà, àárín méjèèjì jẹ́ ihò gbàǹgbà.

"Ẹ wo ojú Bàbá Ìjọ," Ìyá Ìjọ kà á sókè. Ó yọjú wo inú ihò náà. "Ojú ọ̀hún dà?"

"A gé e ni, Mà," Motúnráyọ̀ fèsì. "Kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí."

Ìyá Ìjọ kọjú sí ìjọ. "Ẹ̀yin ará, bí ojú rẹ̀ lórí tapólì lásán kò bá jẹ́ kí mọ́tò mí, bí a bá wá fi òun fúnra rẹ̀ jẹ Bàbá, ibo la ó ti máa mí?"

Ẹ̀rín sọ! Àwọn akọrin rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kí wọ́n tó gba ọrẹ, Kọ́láwọlé tó ń to àga ìjọ ni wọ́n fi jẹ Bàbá Ìjọ.

Nígbà tí wọ́n ń padà sí Àkúrẹ́, bọ́ọ̀sì tutù bí omi inú àmù. Akíntóyè nìkan ló ń hó.