Áásù Ọ̀gá Gàgàrà

Ọ̀gá Gàgàrà kò ga. Ẹ jẹ́ ká ti mọ ìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá jókòó sídìí ọkọ̀ rẹ̀, fìlà ni ará ìta ń rí, àti ìka mẹ́jọ lórí sìtíárì. Ọkọ̀ ló ga. Ọkọ̀ ló gba orúkọ náà fún un, òun náà sì gbé e wọ̀ bí ẹ̀wù tuntun.

Àmọ́ ọkọ̀ kò tíì ga tó. Àìsàn rẹ̀ nìyẹn. Ó ti pààrọ̀ sípíríngì píkọ́ọ̀pù náà lẹ́ẹ̀mejì kó lè ga sí i, ó ti pààrọ̀ táyà lẹ́ẹ̀kan, síbẹ̀ ó ku ọkọ̀ kan ládùúgbò tó ṣì ń wò ó láti òkè. Ọkọ̀ akólẹ̀.

"Ọkọ̀ ìdọ̀tí ń wò mí nílẹ̀," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀ nídìí oúnjẹ àárọ̀. "Èmi."

"Ẹ jẹun, Dádì. Ó ń tutù."

Àsìkò yẹn ni ilé ìlagi orí òkè kéde. Òjò ti dé, ọ̀nà ti di ẹrẹ̀, ọkọ̀ ńlá wọn kò lè gun ún mọ́. Wọ́n ń wá píkọ́ọ̀pù kan ṣoṣo tí yóò máa kó pákó sọ̀kalẹ̀ títí òjò yóò fi dá. Iṣẹ́ oṣù márùn-ún. Màdáàmù tó ni ilé ìlagi ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ wá gun òkè náà lójú gbogbo ènìyàn, ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ènìyàn méjì péré ló fẹ́ ẹ. Ọ̀gá Gàgàrà, àti àbúrò ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí bó ṣe ń wakọ̀. Píkọ́ọ̀pù Jẹ́jẹ́ kéré, ó gbó, ewúrẹ́ lè bẹjú wo inú ẹ̀ láìnà ọrùn.

Bí Gàgàrà bá pàdánù iṣẹ́ yìí, ọkọ̀ rẹ̀ yóò jókòó sílé ní gbogbo òjò. Ìyẹn kéré. Ohun tó tóbi ni pé ọwọ́ àna rẹ̀ ni iṣẹ́ náà yóò bọ́ sí. Ọwọ́ Jẹ́jẹ́.

Ló bá gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ. Obìnrin ni, Àǹtí Sípánà ni wọ́n ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀.

"Àǹtí, ẹ tú gbogbo pálapàla abẹ́ iwájú yìí dànù. Áásù gidi ni mo fẹ́. Irin kan ṣoṣo, gbọọrọ, láti táyà ọ̀tún dé táyà òsì. Irú ti ọkọ̀ ológun. Ọkọ̀ á ga, á sì gun ògiri."

"Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó háwọ́."

"Ta ló háwọ́? Ẹ jẹ́ kí n lọ wá èyí tó pọ́ọ́kú."

Ó rí i. Lẹ́yìn ọgbà àwọn tó ń ta àlòkù irin, lábẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ kan tó ti kú. Áásù tó sanra, tó gùn, ní ìdajì iye tí gbogbo ayé ń tà á. Ó gbé e dé bí ẹni gbé ìyàwó wálé. Àǹtí Sípánà yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó nu ọwọ́.

"Ikùn rẹ̀ wà lápá òdì."

"Ikùn wo?"

"Ibi tó wú yìí, tí jíà wà nínú ẹ̀. Ọ̀pá tó ń ti ìdí ẹ́ńjìnnì bọ̀ lára ọkọ̀ yín, apá òsì ló gbà. Ikùn eléyìí wà lápá ọ̀tún. Wọn ò lè pàdé. Ohun tó jẹ́ kó pọ́ọ́kú nìyẹn. Ẹ dá a padà."

Gàgàrà wo áásù. Ó tẹ orí sí ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ sí òsì. Nígbà tó yá, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọlọ́gbọ́n.

"Ẹ dorí ẹ̀ kodò."

"Ẹ ní kí ni?"

"Tí èmi bá forí dúró báyìí, ṣebí ọwọ́ ọ̀tún mi á bọ́ sí òsì. Ẹ dorí ẹ̀ kodò."

"Áásù kì í ṣe ènìyàn, ọ̀gá. Tó bá dorí kodò, táyà rẹ̀ á máa yí sẹ́yìn."

"Àǹtí, ta ló ni ọkọ̀?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló ń ronú?"

Àǹtí Sípánà wò ó títí. Ó mú sípánà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jó irin mọ́ irin. Ihò kan tó yẹ kó wà lókè áásù ti bọ́ sísàlẹ̀, ọ́ìlì sì ń gba ibẹ̀ kán. Gàgàrà fi àkísà dí i. "Ó ń làágùn ni," ló wí. "Alágbára máa ń làágùn."

Ẹ sì wò ó, ọkọ̀ náà rìn. Nítorí lójú títì, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń ti ọkọ̀. Táyà iwájú kàn ń tẹ̀ lé e kiri ni, àyàfi tí awakọ̀ bá fa jíà iwájú tó ń mú àwọn náà yí. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni Gàgàrà fi yí àdúgbò ká. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ akólẹ̀, ó wo awakọ̀ rẹ̀ nílẹ̀, ó kí i kú iṣẹ́. Ó gba iwájú ọgbà Àǹtí Sípánà kọjá lẹ́ẹ̀mẹfà.

"Àwọn táyà tó ń yí sẹ́yìn nìyí o."

Àǹtí kò gbójú sókè. "Ẹ ò tíì fa jíà iwájú."

Sátidé. Ẹrẹ̀ pupa láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àwọn agégi ti gun orí ìtì igi kí wọ́n lè ríran. Màdáàmù dúró níwájú nínú kóòtù òjò funfun. Jẹ́jẹ́ wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ti fi ṣéènì wé táyà, ó ti kó àpò iyẹ̀pẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, ó ń jẹ bisikíìtì.

Gàgàrà ní òun ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ó ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ wà ná.

"Ẹ̀yin ará, áásù tó wà lábẹ́ ọkọ̀ yìí, orí tèmi ló ti jáde. Mẹkáníìkì kàn bá mi di sípánà mú ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Àǹtí Sípánà jẹ́rìí. "Orí tirẹ̀ ni. Kí gbogbo yín gbọ́."

"Gàgàrà, Abáwọ̀sánmà-dọ́rẹ̀ẹ́," ni àwọn agégi ń kì í. "Gàgàrà, Fòrùlé-ṣe-àpótí-ìtìsẹ̀."

Ó gun òkè dé ìdajì. Táyà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ó yọ fìlà jáde lójú fèrèsé. "Ó yá, ẹ wo iwájú."

Ó fa jíà iwájú.

Táyà ẹ̀yìn ní ká máa lọ. Táyà iwájú ní ká máa bọ̀. Ọkọ̀ dúró sójú kan, ó ń gbọ̀n bí ṣòkòtò tí ẹni méjì dì mú lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹrẹ̀ fò síwájú. Ẹrẹ̀ fò sẹ́yìn. Kóòtù funfun di pupa láti ọrùn dé ilẹ̀.

"Ẹ yọ jíà yẹn," ni Àǹtí Sípánà pè é.

"Ẹ jẹ́ kó gbóná ná."

"Dádì, ẹ yọ ọ́," ni ìyàwó rẹ̀ ké láti àárín èrò.

"Ó ń múra ni."

Ó gbìyànjú láti fi ẹ̀yìn rìn. Táyà ẹ̀yìn ní ó dáa, ká máa bọ̀. Táyà iwájú ní rárá o, ká máa lọ. Agégi kan rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ lórí ìtì igi.

Gàgàrà tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Táyà mẹ́rin, ihò mẹ́rin. Ọkọ̀ náà ń wa kòtò ara rẹ̀, ó ń wọlẹ̀ lọ, títí ikùn rẹ̀ fi jókòó sórí ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà nǹkan dún gbàù lábẹ́, gbogbo rẹ̀ sì pa lọ́lọ́.

Màdáàmù nu ojú. Ó rìn dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Kò nílò láti gbójú sókè.

"Ta ló ṣe ọkọ̀ yìí báyìí?"

"Mẹkáníìkì yìí ni, Màdáàmù. Obìnrin yìí ti bà mí lọ́kọ̀ jẹ́."

"Ọ̀gá," ni agégi tó já bọ́ wí láti ilẹ̀, "orí ta lẹ ní ó ti jáde? A ò gbọ́ dáadáa."

Ẹ̀rín gba orí òkè náà kan.

Jẹ́jẹ́ jẹ bisikíìtì rẹ̀ tán. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ṣéènì ń dún woroworo, ó kọjá lára ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tẹrí ba fún un, ó dé òkè. Ó kó pákó, ó sọ̀kalẹ̀. Màdáàmù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Iṣẹ́ ti lọ.

Ó ku ọkọ̀ tó dínà. Jẹ́jẹ́ so okùn mọ́ ọn nídìí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ̀ ká fà á."

"Mi ò sọ̀. Ọkọ̀ mi ni."

Wọ́n fi ẹ̀yìn wọ́ ọ sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì gba àárín àdúgbò pẹ̀lú ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀ nínú ọkọ̀ kékeré tó ń fà. Gàgàrà ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ìdí ọkọ̀ ló ṣáájú, ojú òun kọ sí gbogbo èrò tó ń tẹ̀ lé e. Kò síbi tó lè gbójú gbà. Ó di sìtíárì mú, ó ń yí i síhìn-ín, ó ń yí i sọ́hùn-ún, bí ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn.

Télọ̀ kan bọ́ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Ọ̀gá, ṣé ẹ ń lọ ni, àbí ẹ ń bọ̀?"

"Ṣé ẹ ò rí i pé mò ń wakọ̀ ni?"

Ìyàwó rẹ̀ yọ orí láti ọkọ̀ iwájú.

"Ẹ jọ̀ọ́, télọ̀, ẹ má bá a sọ̀rọ̀," ló bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jẹ́ kó fọkàn sí títì."