Ó Lé Ni àbí Ó Dín: Bí Ládiméjì Àjàgbé Ṣe Ṣẹ́gun Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀rọ̀ ogun yangàn, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ ká ẹsẹ̀ yín kúrò lọ́nà, nítorí akọni tó ń bọ̀ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi idà lásán jà. Ládiméjì Àjàgbé ni, ọmọ Adétòkí tó kọ́kọ́ fi àgádágodo sẹ́nu ìkòkò omi ní gbogbo Ìrágbìjí, tí òùngbẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn ìyàwó rẹ̀. Ọmọ-ọmọ Ọláńpéjú, àgbẹ̀ tí ń dẹ́rù ba àgbẹ̀, tó ti ilẹ̀kùn àká mọ́ iṣu odidi ọdún kan, tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù, tó sì fi ìgbéraga jẹ gbágùúdá títí iṣu náà fi hù nínú àká. Ìran tí olè kì í jà ni wọ́n, nítorí pé ohun tí onílé fúnra rẹ̀ kò rí mú, níbo lolè ti fẹ́ rí i?

Bí erin bá jí, igbó a mì. Bí Ládiméjì bá jí, ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ wò. Jíìpù dúdú ni, Tinúọlá ọmọ rẹ̀ ló fi í ránṣẹ́ láti òkè òkun, kò sì jọ ọkọ̀ àwọn ènìyàn yẹpẹrẹ tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ nìkan ló mọ̀ lójú. Lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, bọ́tìnnì márùn-ún tò sọ̀kalẹ̀ bí eyín ọmọdé. Nọ́ńbà méjì méjì ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: 1 àti 2 wà lókè pátápátá, 3 àti 4 tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà 5 àti 6, 7 àti 8, kí 9 àti 0 tó wá jókòó sísàlẹ̀. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà márùn-ún tó yẹ kó tẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí fún un láìsí kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó máa fẹsẹ̀ rìn.

Ọkọ̀ náà gba nọ́ńbà ju ti ẹnì kan lọ. Nítorí náà, Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi tòun náà sí i. Akọni wa rẹ́rìn-ín bí ọba tí wọ́n ní kó bá ará ìlú pín adé. Ó ní àṣírí ogun kì í gbé ẹnu méjì. Ó pa nọ́ńbà tí Tinúọlá fi sí i rẹ́, ó fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀, kò sì kọ ọ́ síbì kankan. Ìṣirò àwọn baba ńlá wa ló fi dè é mọ́ orí, irú èyí tí ọmọ ìwòyí kò lè kà láìlàágùn. Ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn ogún ẹgbẹ̀rún, ló fi ṣe ìdí rẹ̀. Márùn-ún ló fi ṣe orí rẹ̀. Olè wo ló fẹ́ já irú rẹ̀?

Ogun dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan tí oòrùn ń se ilẹ̀ bí ẹ̀bà. Láti Ìkìrun ni tọkọtaya náà ti ń bọ̀, páálí ọmọ adìyẹ ọlọ́jọ́ kan kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Ti Àṣàbí ni. Àrùn ti kó èyí tó sìn lọ́dún tó kọjá lọ pátápátá, ìwọ̀nyí ló sì fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Bí wọ́n ti dúró lójúde, ó sáré wọ ilé adìyẹ lọ dáná èédú tí wọn yóò yá. Ìgbà yẹn ni Sùnmọ́nù oníwẹ́dà, aládùúgbò wọn, yọjú.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "wọ́n ní ọkọ̀ yín ń ti ara ẹ̀."

Ta ni yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ Adétòkí kò ní hó lára rẹ̀? Ládiméjì, àrágbáyamúyamù, ní kó wá wò ó. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sórí àga inú ọkọ̀ bí ẹni ju eegun sí ajá, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó sì tẹ bọ́tìnnì méjì tó kángun sísàlẹ̀ pa pọ̀. "Kà!" ni ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáhùn. Sùnmọ́nù pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí àtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró ni wọ́n tó gbọ́ igbe àwọn ọmọ adìyẹ nínú ọkọ̀ tí gbogbo gíláàsì rẹ̀ wà ní títì.

"Ẹ wá ṣí i," Sùnmọ́nù wí.

Akọni na ìka rẹ̀ síwájú, ìka tí ì bá fi gbá ẹkùn létí ká ní ẹkùn ń gbé ládùúgbò. Ọ̀kẹ́ kan, ó... Ibẹ̀ ni nǹkan ti dẹnu kọlẹ̀. Ọ̀kẹ́ kan ó lé márùn-ún ni, àbí ọ̀kẹ́ kan ó dín márùn-ún? Ó pinnu pé ó lé ni, nítorí kí ni ènìyàn ńlá fẹ́ fi dín ṣe? Ó tẹ 2, ó sì dúró láti ka iye òdo tó wà nínú ọ̀kẹ́ lórí ìka ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í dúró de ẹni tó ń ronú: bí ọwọ́ bá pẹ́ díẹ̀ láàárín bọ́tìnnì kan sí èkejì, gbogbo ohun tó ti gbọ́ ló máa ń gbàgbé. Akọni tún un tẹ̀. Ó fi òdo kan lé e, ó yọ méjì, ó sinmi, ó nu òógùn, ó tún kọjú ìjà sí i. Bí wọ́n bá sì ti ṣi nọ́ńbà tẹ̀ fún ẹ̀rọ yìí léraléra, á di etí rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ìbáà jẹ́ ẹni tó rọ ọ́. Ẹ̀yìn tó ti di etí tán ni Ládiméjì tó wá tẹ 2, 0, 0, 0, 5 láìdúró. Ilẹ̀kùn kò mira.

"Kì í ṣe ó lé nìyẹn," Sùnmọ́nù wí.

Àṣàbí jáde síta, eérú lọ́wọ́. "Bàbá Tinúọlá, àwọn ọmọ adìyẹ mi dà?"

"Wọ́n wà nínú ọkọ̀."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Òun ló ń ṣọ́ wọn."

Àṣàbí yọjú wo inú gíláàsì. Àwọn tó ti yọrí lójú ihò páálí ya ẹnu sílẹ̀, wọ́n ń mí hẹlẹ. Ó wọlé, ó sì gbé ọmọ ọlọ jáde. "Ẹ sún."

"Àṣàbí, tó o bá fọ́ gíláàsì yìí, ibo la ti fẹ́ rí irú ẹ̀ rà?"

"Ibi tí mo ti fẹ́ rí ọmọ adìyẹ mìíràn rà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn mí."

"Mo mọ nọ́ńbà yẹn. Ọ̀kẹ́ kan ó lé márùn-ún ni. Ìran wa kì í dín."

"Ẹ̀yin? Kí ló lé lára yín rí, yàtọ̀ sí ọjọ́ orí? Ó dín ni. Ẹ tẹ ó dín."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ tiwọn," Sùnmọ́nù wí. "Ẹ dín in lẹ́ẹ̀kan péré."

"Ta ló pè ọ́ sí i?"

"Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n wá wò ó."

Ọ̀rọ̀ yìí ń lọ, ọ̀rọ̀ yìí ń bọ̀, ìṣẹ́jú kan pé, ẹ̀rọ sì yọ ìka létí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Àṣàbí gbé ọmọ ọlọ sókè. "Oókan, ẹ̀sán mẹ́ta, àrún," ó ní. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ kíákíá, ọwọ́ ń dùn mí."

Ládiméjì tẹ 1, 9, 9, 9, 5. Ilẹ̀kùn ṣí.

Kò sí èyí tó kú nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjì nínú wọn ti dojú bolẹ̀, omi ni wọ́n fi jí wọn. Àṣàbí gbé páálí kìíní kọjá níwájú ọkọ rẹ̀. "Ó dín," ó rọra wí. Ó gbé èkejì. "Ó dín." Ó gbé ẹ̀kẹta, ó kàn wo ọkọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ọ̀kọ̀ wo ló tún gúnni jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ẹni ọgbẹ́ dúró ti òpó ilẹ̀kùn, ó ń wo bọ́tìnnì márùn-ún. Ó wò wọ́n títí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó mú kọ́kọ́rọ́ sápò, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ránṣẹ́ pe Àṣàbí bí ẹni ránṣẹ́ pe ìjòyè. Lójú obìnrin náà àti Sùnmọ́nù, ó tẹ 2, 0, 0, 0, 5. Ilẹ̀kùn ṣí.

"Ẹ wò ó," ó ní. "Orí bọ́tìnnì kan náà ni 1 àti 2 ń sùn. 9 àti 0 náà, orí ẹní kan ni wọ́n wà. Ẹ̀rọ yìí ò mọ̀wé. Ibi tí ìka balẹ̀ sí nìkan ló mọ̀. Ó lé ni, ó dín ni, ọ̀kan náà ni lójú ẹ̀."

Àṣàbí fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìyànjú méjèèjì. Òótọ́ ni. "Èé ṣe tí kò ṣí nígbà tí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́?" ó bi í. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò bá ayọ̀ ìṣẹ́gun mu.

"Ó dáa," Àṣàbí wí. "Ẹ fi nọ́ńbà tèmi sí i."

Ládiméjì wo ọmọ ọlọ tó ṣì wà nílẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà márùn-ún tí ọkọ̀ bá wáyé, èyí tó wà nínú ìwé pélébé inú ọkọ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì òkè kí ẹ̀rọ lè gba nọ́ńbà tuntun. "Tẹ tìrẹ báyìí, má pẹ́."

"Ẹ yíjú."

Akọni yíjú. Ó gbọ́ ìka lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Nítorí náà, kí a kéde rẹ̀ láti Ìrágbìjí títí dé Ìkìrun, kí gbogbo ilẹ̀kùn gbọ́, kí wọ́n sì wárìrì níbi tí wọ́n so mọ́: Ládiméjì Àjàgbé, ọmọ Adétòkí, òkè ńlá tí kò ṣeé gùn, ti wọ ọkọ̀ ara rẹ̀ lójú ọ̀sán gangan, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ènìyàn méjì péré. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òun ló fi hàn pé nọ́ńbà kan ò wọ jíìpù. Bí àlejò bá bi yín pé ta ló ni ọkọ̀ náà, ẹ dárúkọ rẹ̀ tìlù-tìfọn. Bó bá sì bi yín pé ta ló lè ṣí i láìronú, ẹ fi ilé adìyẹ hàn án, kó lọ kí Àṣàbí.