Ta Ló Bo Oòrùn Sìkírátù?

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ Yorùbá ní Douala, ní Kamẹrúùnù, nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kí àwọn obìnrin ṣe ọdún wọn, lọ́dún tí iná ìjọba ń lọ lójoojúmọ́ bí ẹni ń lọ sípàdé. Sìkírátù, aránṣọ ní ọjà Marché Congo, ló gbé ẹjọ́ náà dé. Ogójì kaba, aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ tí àwọn obìnrin fẹ́ wọ̀ yan lójú títì, ló wà lọ́rùn rẹ̀. Mẹ́sàn-án péré ló tíì rán.

"Kábíyèsí, Bọ̀ọ̀dá Nùrúdíìnì jí oòrùn mi!"

"Oòrùn wo?"

"Èyí tí Ọlọ́run fi ránṣẹ́ sí òrùlé mi! Ìsọ̀ méje la so sólà wa pọ̀, pé kí ẹni tí iná bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ máa fún ẹni tí kò ní. Mo ra páànẹ́ẹ̀lì mẹ́rin kún tèmi. Lọ́sàn-án àná, máṣíìnì mi kú fin-ín. Mo gun òkè, mo bá tapólì lórí páànẹ́ẹ̀lì mi, wọ́n tún fi búlọ́ọ̀kù tẹ̀ ẹ́!"

Nùrúdíìnì, aránṣọ ọkùnrin tó jẹ́ alága àwọn onísọ̀ méje náà, dìde, ó tún fìlà ṣe.

"Èmi ni mo bò ó. Oòrùn obìnrin yìí kò níwà, Kábíyèsí. Tó bá di méjìlá ọ̀sán, á ya wọ inú wáyà, á ti oòrùn tiwa padà sórí òrùlé. Wáyà á gbóná, súìṣì á já, gbogbo wa á wà lókùnkùn. Mo ní kó sinmi díẹ̀ ni."

"Ṣé oòrùn máa ń sinmi lọ́sàn-án?"

"Tí òjò bá ṣú, Kábíyèsí. Èmi ni mo ṣe bí òjò."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Sìkírátù, ló bá rántí kaba mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó fajú ro.

Wọ́n pe Hannah, tó ń ta omi tútù.

"Òótọ́ ni Bọ̀ọ̀dá Nùrúdíìnì sọ. Iná kì í sí lọ́sàn-án rárá."

Yẹ̀kínnì tó ń lọ aṣọ fún ọjà fò sókè. "C'est faux! Irọ́ ni! Iná ọ̀sán pọ̀ jù! Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo lọ aṣọ lọ́sàn-án, ó jó búbù Alhaji kan mọ́ mi lọ́wọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni iná kì í sí!"

"Ìgbà wo lo máa ń lọ aṣọ?" Baálẹ̀ bi í.

"Ìrọ̀lẹ́, Kábíyèsí. Mo máa ń sùn lọ́sàn-án."

"Hannah, firíjì tìrẹ ńkọ́?"

"Ìrọ̀lẹ́ náà ni mo máa ń tàn án, Kábíyèsí."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé iná kì í sí lọ́sàn-án?"

"Bọ̀ọ̀dá Nùrúdíìnì ló sọ fún mi."

Baálẹ̀ mí kanlẹ̀. "Nùrúdíìnì, wáyà wo lẹ fi so ìsọ̀ méje pọ̀?"

Nùrúdíìnì wolẹ̀. "Wáyà tín-ín-rín ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí ni. Gílóòbù kọ̀ọ̀kan la ní nígbà yẹn."

"Sìkírátù, ta lo sọ fún kó o tó fi mẹ́rin kún un?"

"Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Mo rò pé ohun rere kì í gbàṣẹ."

"Ohun rere tó bá wọlé láìkanlẹ̀kùn, wọ́n á pè é lólè. Ẹ̀yin méjèèjì jẹ̀bi. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé páànẹ́ẹ̀lì gòkè mọ́ láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ jọ wo wáyà. Hannah, Yẹ̀kínnì, láti méjìlá sí aago mẹ́ta ọ̀sán ni kẹ́ ẹ máa tan firíjì, kẹ́ ẹ máa lọ aṣọ. Oorun ọ̀sán ti dèèwọ̀. Nùrúdíìnì, ra wáyà tó nípọn lọ́la. Àti nítorí òjò tó o ṣe, ìwọ lo máa rán ogún nínú kaba Sìkírátù, lórí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀."

"Kábíyèsí, ṣòkòtò nìkan ni mo mọ̀ ọ́n rán!"

"Ṣé obìnrin ò ní ẹsẹ̀ méjì ni? Sìkírátù, jókòó tì í títí tó fi máa parí. O ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín."

Lọ́jọ́ ọdún, ogún obìnrin yan lójú títì pẹ̀lú kaba tó ní àpò ẹ̀yìn bíi ti ṣòkòtò. Sìkírátù fọwọ́ bojú, ó ń retí èébú. Àfi bí àwọn obìnrin àdúgbò Yassa ṣe ń bèèrè ẹni tó rán àpò yẹn, pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ fóònù wọn.

Lọ́jọ́ kejì, èrò tò sẹ́nu ọ̀nà Nùrúdíìnì. Iná ń tàn yòò nísọ̀ Sìkírátù, ẹnì kan ò yà síbẹ̀. Ó ṣe díẹ̀, ó dìde, ó lọ tò sẹ́yìn wọn.

"Bọ̀ọ̀dá Nùrúdíìnì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní àpò yẹn."